Ọjọ́ Ìsinmi Kan Nítòsí Kúdẹtì

Aago méje kò tíì lù nígbà tí mo wọ ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì náà. Obìnrin méjì ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọwọ̀ lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń gbálẹ̀ láti ẹnu géètì lọ sí ìdí igi máńgòrò, eruku pupa oṣù Kejì sì ń gbéra lẹ́yìn wọn, ó ń bà sórí ewé, ó ń bà sórí bàtà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù nílé. Òórùn àkàrà tí wọ́n ń dín ní òdìkejì títì ń fẹ́ wọlé. Ọ̀dọ́kùnrin kan ń dán ẹ̀rọ gbohùngbohùn wò nínú ilé: "Ṣé ó ń lọ? Ṣé ó ń lọ?" Ó ń lọ, ó sì ń hó.

Ilé ìjọ Áńgílíkà ni, ní Ìbàdàn. Kò jìnnà sí Kúdẹtì, níbi tí míṣọ́nnárì David Hinderer àti Anna aya rẹ̀ tẹ̀dó sí ní ọdún 1853, tí ìjọ Kristẹni àkọ́kọ́ nílùú náà ti bẹ̀rẹ̀. N kò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀ṣì náà. Àwọn tí mo bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀ mọ ohun tí mo wá ṣe. Àwọn yòókù rò pé àlejò lásán ni mí.

Láti kékeré ni mo ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo mọ ìgbà tí à ń dìde, mo mọ ìgbà tí à ń kúnlẹ̀, mo sì lè dáhùn àdúrà nígbà tí oorun bá ń kùn mí. Ṣùgbọ́n bí ọmọ mi bá bi mí pé kí ló dé tí a fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀, n kò ní ìdáhùn gidi kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi tètè dé, kí n lè bá kíláàsì kọ́nfaméṣọ̀n tó ń pàdé kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀.

Inú gbọ̀ngàn kékeré lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n wà. Ọmọ mọ́kànlá ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ọkùnrin márùn-ún, obìnrin mẹ́fà, àwọn kan ṣì ń jẹ àkàrà nínú bébà. Olùkọ́ wọn jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Bàbá Tíṣà ni gbogbo ọgbà ń pè é. Ó ní ṣọ́ọ̀kì, ó ní bọ́ọ̀dù, ó sì ní aago ọwọ́ tó ń wò ní gbogbo ìgbà.

"Kí ni ìsìn?"

"Orin, sà."

"Àdúrà, sà."

"Kí èèyàn wọ aṣọ tó mọ́, kó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì."

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Bàbá Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Ó kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sára bọ́ọ̀dù: *sìn*. Ó fi àmì sí orí rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà pè é bíi ti òkú.

"Bí àlejò bá fẹ́ máa lọ nílé yín, kí lẹ máa ń ṣe?"

"A máa ń sìn ín dé ọ̀nà, sà."

"Ìwọ̀fà tó wà lóko olówó ńkọ́?"

Kò sí ẹni tó mọ ìwọ̀fà, ẹni tó ń fi iṣẹ́ dípò èlé owó tí wọ́n yá. Ó dáhùn fúnra rẹ̀: "Ó ń sin olówó. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ẹni tó bá ń sìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rìn, ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ẹ kò wá wòran."

Ó ní àwọn Gíríìkì náà ní ọ̀rọ̀ tiwọn, *leitourgia*, èyí tí àwọn òyìnbó fi ń pe ìlànà ìsìn. Nígbà láéláé, iṣẹ́ ìlú ni ọ̀rọ̀ náà: olówó kan lè fi owó ara rẹ̀ gbọ́ bùkátà ọkọ̀ ojú omi fún ogun ìlú rẹ̀, *leitourgia* nìyẹn. "Bí ìgbà tí gbogbo ilé bá jáde lọ yẹ ọ̀nà odò," ni ó wí. Ó wo ojú wọn. "Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò mọ ọ̀nà yíyẹ. Ẹ bi ìyá yín àgbà."

Lẹ́yìn èyí ló mú ìwé àjákọ kan jáde, etí rẹ̀ ti ká. Mo rò pé Bíbélì ló fẹ́ kà. Ìròyìn ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Justin ni, tó gbé ní Róòmù, tó sì kọ̀wé sí olú-ọba Antoninus Pius ní nǹkan bí ọdún 155 láti gbèjà àwọn Kristẹni. Àwọn èèyàn ti ń sọ oríṣiríṣi nípa ohun tí wọ́n ń ṣe ní ìkọ̀kọ̀. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ ìsìn wọn, Justin kàn ròyìn ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bàbá Tíṣà tò ó lórí ìka fún àwọn ọmọ náà, ní ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀. Ní ọjọ́ oòrùn, ará ìlú àti ará oko á péjọ síbì kan. Wọ́n á ka ìwé àwọn àpọ́sítélì tàbí ti àwọn wòlíì, níwọ̀n bí àyè bá ṣe wà. Olórí á gbà wọ́n níyànjú. Gbogbo wọn á dìde, wọ́n á gbàdúrà. Wọ́n á gbé àkàrà, wáínì àti omi wá, olórí á dúpẹ́ lórí wọn, àwọn èèyàn á ṣe àmín. Wọ́n á pín in jẹ. Àwọn díákónì á gbé ti àwọn tí kò sí níbẹ̀ lọ fún wọn. Àwọn tó ní lọ́wọ́ á dá owó, olórí á sì fi tọ́jú ọmọ aláìníbaba, opó, aláìsàn, ẹlẹ́wọ̀n àti àlejò.

"Ohun tí ẹ máa rí lónìí kò jìnnà sí èyí. Ẹ máa ṣọ́ ọ."

Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè. "Bàbá, níbí, ta ló ń gbé ti àwọn tí kò wá lọ fún wọn?"

"Bí a bá jáde, wàá rí i."

Agogo lù.

Nínú ilé, fáànù mẹ́jọ ló rọ̀ sí àjà. Mẹ́ta ń yí. Òórùn káńfọ̀ ń jáde lára aṣọ òkè tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú àpótí, ó dàpọ̀ mọ́ pọ́ńdà, mọ́ lọ́fínńdà, mọ́ òórùn ìgbẹ́ àdán tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti inú àjà bí oòrùn ṣe ń mú páànù. Mo bọ́ sí ìlà keje lápá òsì. Ọkùnrin tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi á tó ẹni ọgọ́ta ọdún, bùbá àti ṣòkòtò funfun ló wọ̀, ó fi fìlà rẹ̀ lé orúnkún. Kò mú ìwé kankan wá. Ó kí mi, mo kí i, ó sún díẹ̀ fún mi.

Aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú méjì, wọ́n dìde lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọkùnrin kan gbé àgbélébùú ṣíwájú, ó di ọ̀pá rẹ̀ mú bí ẹni tó ń gbé omi kíkún. Àwọn akọrin tẹ̀ lé e ní méjì méjì nínú aṣọ pupa tí wọ́n fi funfun bò, òógùn ti ń ṣàn sí wọn lọ́rùn kí wọ́n tó dé ìdajì ọ̀nà. Lẹ́yìn wọn ni àwọn olùkàwé, àlùfáà kékeré, àti àlùfáà àgbà tó fi ọ̀já aláwọ̀ ewé kọ́rùn. Àwọ̀ ewé jẹ́ àwọ̀ ìgbà tí kò sí ọdún kankan. Bí Lẹ́ńtì bá dé, yóò di àwọ̀ àlùkò. Ní Àjíǹde yóò di funfun. Ní Pẹ́ńtíkọ́sì, pupa. Ìyá tó wà níwájú mi mọ èyí dáadáa: gèlè rẹ̀ náà jẹ́ àwọ̀ ewé.

Orin àkọ́kọ́ jẹ́ orin òyìnbó tí wọ́n túmọ̀ sí Yorùbá, a sì ń kọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Ẹ fetí sí i dáadáa lọ́jọ́ kan. Ohùn dùùrù ń gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́ sọ̀, ó ń sọ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́ gòkè, títí ọ̀run fi di ọrùn lẹ́nu gbogbo ìjọ, tí ẹnikẹ́ni kò sì bìkítà, nítorí a ti mọ ohun tí a ní lọ́kàn. Àwọn tó gbọ́n ti rí i tipẹ́. Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fela, ń ṣe orin ìsìn tó bá ohùn Yorùbá mu; ní 1922 ó kọ wọ́n sínú àwo Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. Thomas Ekundayo Phillips, tó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Kristi ní Marina l'Ékòó láti 1914 fún ọ̀pọ̀ ọdún, kọ odindi ìwé lé ọ̀rọ̀ orin Yorùbá, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1953. Síbẹ̀ ọ̀run ṣì ń di ọrùn.

Iná lọ ní ẹsẹ kẹta. Dùùrù kú. Fáànù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rọra dúró. Ìjọ kò dúró; ohùn ọkùnrin ẹ̀gbẹ́ mi, ohùn ìsàlẹ̀ tó nípọn bí ìyá ìlù, gbé orin náà láti ìlà tiwa, àwọn akọrin gbá a mú, a sì kọ ọ́ tán láìsí dùùrù. Ìgbà yẹn ni jẹnẹrétọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí bú lẹ́yìn ògiri, èéfín rẹ̀ sì gba fèrèsé wọlé.

A kúnlẹ̀ láti jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ariwo yẹn yàtọ̀ sí gbogbo ariwo mìíràn: igi àga ń ké, orúnkún ń kan pákó, àwọn àgbàlagbà ń mí kanlẹ̀, ìwé kan já bọ́, ọmọ kan sunkún. Lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ pa rọ́rọ́, àwọn ọ̀rọ̀ sì jáde lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́nu èèyàn tó lé ní igba. Mo ronú sí i níbẹ̀ pé nílé Yorùbá, obìnrin ló ń kúnlẹ̀ kí àgbà, ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni mo ti mọ ìkúnlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tí bàbá mi ń ṣe. Nígbà tí mo sọ èyí fún Bàbá Tíṣà lẹ́yìn ìsìn, ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní ìgbìmọ̀ tó pàdé ní Náísíà ní 325, èyí tó bí Ìgbàgbọ́ tí a ń kà, pàṣẹ nínú òfin rẹ̀ ogún pé kí àwọn Kristẹni má kúnlẹ̀ rárá ní Ọjọ́ Olúwa. Ìdúró ni kí wọ́n fi gbàdúrà. Ọjọ́ àjíǹde ni, ẹni tó bá ti jí dìde kì í kúnlẹ̀. "A kò pa á mọ́," ni ó wí. "Ẹ má kọ ọ́ pé èmi ló sọ ọ́ o." Ó tún rò ó. "Ẹ kọ ọ́."

Ìwé Àdúrà tó wà níwájú mi kò ní ẹ̀yìn mọ́. Ẹnìkan ti fi sẹlotéèpù dì í. Inú rẹ̀ ni mo ti ń tẹ̀ lé Sáàmù tí àwọn akọrin ń kọ ní ìdajì ìdajì, apá kan ń dáhùn apá kejì. Ọ̀nà tí ìwé yìí gbà dé ọwọ́ wa gùn. Thomas Cranmer ló ṣètò àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1549, kí ará ìlú lè máa gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ fún Ọlọ́run dípò èdè Látìn. Èyí tó dúró pẹ́ jù ni ti 1662. Ní oṣù Kìíní ọdún 1844, ní Freetown, Samuel Ajayi Crowther ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá fún àwọn ẹrú tí wọ́n ti dá sílẹ̀ níbẹ̀, ọdún méjì ó lé kí òun fúnra rẹ̀ tó dé Abẹ́òkúta. Títí di 1884 ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí odindi Bíbélì ní Yorùbá. Nítorí náà, ẹnu ti ń gbàdúrà ní Yorùbá fún ogójì ọdún kí Bíbélì tó pé.

Ẹ̀kọ́ méjì ni wọ́n kà. Ọmọbìnrin tó ka èkejì, láti orí fóònù rẹ̀ ló ti kà á. Fóònù dún láàárín ẹsẹ. Ó pa á, ó ń bá a lọ, etí rẹ̀ pupa.

Ìwàásù gba ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún. Ó dá lórí sùúrù. Mo ka àwọn tó sùn: mẹ́jọ ní ìhà tiwa, àti akọrin kan.

Nígbà tó kan kíkí ara ẹni ní àlàáfíà, ìyẹn tí Justin pè ní ìfẹnukonu, gbogbo ilé tú ká. Àwọn ará ìjọ fi ìlà wọn sílẹ̀, wọ́n ń bọ ara wọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé òfin ilé ṣì wà nínú rẹ̀. Ọ̀dọ́ kò kọ́kọ́ na ọwọ́ sí àgbà. Àwọn ọmọbìnrin tẹ eékún díẹ̀ kí wọ́n tó gba ọwọ́ ìyá ìjọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dọ̀bálẹ̀ pátápátá lórí sìmẹ́ǹtì fún arúgbó kan tó jókòó lẹ́bàá ògiri, arúgbó náà sì fi ọ̀pá kàn án léjìká, ó ń pe oríkì rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ìlù dé.

N kò mọ bí ẹ ó ṣe gbà á gbọ́ pé nígbà kan, ìlù yìí kan náà kò lè wọ ẹnu ọ̀nà yìí. Àwọn míṣọ́nnárì kà á sí ohun òrìṣà. Lónìí, dùndún mẹ́ta, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kan, agogo kan àti ìlù òyìnbó kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn akọrin, onídùndún tó ṣíwájú sì mọ orúkọ bàbá gbogbo èèyàn. Ọkùnrin tó di gbohùngbohùn mú pe àwọn olùdúpẹ́ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́: àwọn tó ṣe ọjọ́ ìbí lóṣù yìí, ìdílé tó kó ọmọ jáde, opó tó parí ọdún kan, ẹgbẹ́ kan tó wọ ankará kan náà. Bí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ń jáde láti ẹ̀yìn ilé ni ìlù ń yí ohùn padà fún wọn, ẹsẹ̀ ń fà lórí ilẹ̀ pẹ̀lú ohùn kan tí n kò lè pè ní nǹkan mìíràn ju ìgbálẹ̀ lọ, ìdí ń rọ ọ̀tún, ó ń rọ òsì, ọwọ́ kan di àpò owó mú, ọwọ́ kejì ń ju aṣọ ìnujú sókè; bàbá kan tó ń fi igi méjì rìn kó méjèèjì sí abẹ́ apá kan ṣoṣo, ó di èjìká ọmọ rẹ̀ mú, ó sì jó dé iwájú pẹpẹ kó tó tún gba igi rẹ̀; opó náà nìkan ni kò jó, ó kàn ń rìn, ìlù sì mọ̀, ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ títí obìnrin náà fi dé ibi abọ́. Òórùn owó àtijọ́ ń bọ̀ láti inú abọ́ náà. Ọmọ jòjòló tí wọ́n kó jáde ń sùn.

Ìdúpẹ́ gba ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́ta. Wọ́n kéde iye tí àwọn kan fi sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ. Èmi kò fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn tí wọ́n dárúkọ wọn fẹ́ràn rẹ̀. Nínú ìkéde, owó náà ń lọ sí páànù, sí jẹnẹrétọ̀, sí ògiri itẹ́ òkú. Lẹ́nu ọ̀nà, àpótí igi kékeré kan wà tí wọ́n kọ "Àwọn Aláìní" sí lára. Nígbà tí mo ń wọlé, mo fi nǹkan sí i. Mo gbọ́ bó ṣe balẹ̀ sí ìsàlẹ̀ igi.

Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Wọ́n ṣí aṣọ funfun kúrò lórí pẹpẹ. Àkàrà náà pẹlẹbẹ, ó funfun, kò tóbi ju kọ́bọ̀ àtijọ́ lọ. Wáínì wà nínú ife fàdákà, wọ́n sì bu omi díẹ̀ sí i, bí Justin ṣe wí. Àlùfáà àgbà gbàdúrà ìdúpẹ́ lórí wọn. Ohùn rẹ̀ ti há. Nígbà tó parí, àmín tí ìjọ ṣe tóbi ju gbogbo àmín tí mo ti gbọ́ láàárọ̀ lọ, mo sì rí àwọn ọmọ mọ́kànlá náà ní ìlà iwájú, wọ́n yíjú wo ara wọn.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tú ìlà sílẹ̀ láti iwájú. Nígbà tó kan ìlà keje, mo dìde. Ọkùnrin ẹ̀gbẹ́ mi fa orúnkún rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ẹ máa kọjá," ó wí.

"Ẹ̀yin ńkọ́, sà?"

"Ẹ máa lọ."

Mo lọ. Láti ibi pẹpẹ, bí mo ṣe ń padà bọ̀, ni mo ti rí ìjọ náà lójúkojú fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó tó ìdámẹ́ta àwọn àgbà tó wà ní ìjókòó. Wọ́n ń kọrin. Onídùndún jókòó, ó gbé ìlù lé itan. Ìyá aláwọ̀ ewé jókòó.

Bàbá Tíṣà ṣàlàyé fún mi nígbà tó yá, láìfi ohùn kankan sí i. Ẹni tí kò bá ṣe ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí tó ní ju ìyàwó kan lọ, kò lè gba Ara Olúwa. Ní 1888, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà pàdé ní Lambeth ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ní kí wọ́n má ṣe ìrìbọmi fún ọkùnrin olóbìnrin púpọ̀. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ní 1891, àwọn kan ya kúrò l'Ékòó, wọ́n dá United Native African Church sílẹ̀. African Church tẹ̀ lé e ní 1901. Ọ̀rọ̀ ìyàwó nìkan kọ́ ló fa ìyapa náà, ọ̀rọ̀ ta ni yóò ṣe olórí wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ìjọ tuntun náà kò lé olóbìnrin púpọ̀. Ní 1988, Lambeth yí díẹ̀ padà: bí olóbìnrin púpọ̀ bá gbàgbọ́, wọ́n lè ṣe ìrìbọmi fún òun àti àwọn aya àti ọmọ rẹ̀ tó gbàgbọ́, bó bá ṣèlérí pé òun kò ní fẹ́ òmíràn kún un. Ẹni tí ìjọ ti ṣe ìrìbọmi fún ní kékeré, tó wá fẹ́ ìyàwó kejì lẹ́yìn náà, kò sí nínú ìyẹn.

Ìsìn parí ní aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Níta, ilẹ̀ tí àwọn obìnrin méjì gbá láàárọ̀ ti kún fún bébà súìtì.

Ọmọbìnrin tó bi Bàbá Tíṣà ní ìbéèrè wà lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń dúró. Àlùfáà kékeré jáde láti ẹ̀yìn, àpótí fàdákà pẹlẹbẹ kan wà ní ọwọ́ rẹ̀, kò tóbi ju àpótí ìṣáná lọ, aṣọ funfun ni ó fi dì í. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí n bá a lọ. Ó gbà. Takisí Micra kan fà sí iwájú wa, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ kò ṣí láti inú. Ọkùnrin ẹ̀gbẹ́ mi ló wà nídìí rẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú ìdúró," ni àlùfáà wí.

"Àlùfáà, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ilé mélòó ni?"

"Mẹ́rin."

Títì ti gbóná dé ibi pé ó ń dán bí omi. Gbogbo fèrèsé ṣí, afẹ́fẹ́ tó ń wọlé kò yàtọ̀ sí ti ẹnu ààrò. Ní ìyànà kan, ọkọ̀ dúró pátápátá nítorí ilé àdúrà Kérúbù àti Séráfù kan tó ń ṣe àjọ̀dún, mo sì sọ̀ kalẹ̀ lọ yọjú. Bàtà tò lẹ́nu ọ̀nà bí ọjà. Nínú ilé, gbogbo wọn wà nínú aṣọ funfun, ẹsẹ̀ lásán lórí ilẹ̀, tùràrí ń rú títí ojú mi fi ń ṣomi, agogo ọwọ́ ń dún, abẹ́là tò, obìnrin kan ń mì tìtì láàárín ilé, ẹlòmíràn sì dúró tì í pẹ̀lú ìwé àti bírò, ó ń kọ ohun tó ń sọ. Ẹgbẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó ní 1925 lọ́wọ́ Moses Orimolade àti Christianah Abiodun Akinsowon, ọmọbìnrin tó rí ìran níbi ìwọ́de Corpus Christi ti àwọn Àgùdà. Sáàmù ni wọ́n ń kà nígbà tí mo wọlé. Apá kan ń ka ẹsẹ kan, apá kejì ń dáhùn, gẹ́gẹ́ bí tiwa láàárọ̀, ṣùgbọ́n níbí wọn kò wo ìwé.

Micra fun fèrè. Mo sáré padà.

Nínú ọkọ̀ ni mo ti bi onímọ́tò náà bó ṣe pẹ́ tó tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí.

"Ọdún mẹ́sàn-án. Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ lóṣù."

"Ṣé wọ́n ń san nǹkan fún yín?"

Ó wò mí nínú dígí. "Fún kí ni?" Ó yà kúrò fún ọlọ́kadà kan, ó bú u, ó bẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ àlùfáà, ó ń bá a lọ. "Ìyàwó méjì ni mo ní, ṣé ẹ rí i. Èyí àkọ́kọ́ ń gbà á. Ẹ rí i níwájú yín lónìí, gèlè aláwọ̀ ewé, ìyẹn ni ìkejì."

Ilé àkọ́kọ́ jẹ́ ti bàbá kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ilé kejì, ìyá kan tó fọ́jú. Òórùn àgbo àti ti robọ́ kún yàrá rẹ̀, tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀ ní yàrá kejì, àwọn ọmọ ń jágbe mọ́ra wọn ní ìta. Àlùfáà tẹ́ aṣọ funfun sórí àga oníke kan. Ó gbàdúrà kúkúrú. Ìyá náà la ẹnu, àlùfáà fi àkàrà náà sí i lẹ́nu, ó ṣe àmín kó tó gbé e mì. Lẹ́yìn náà ló béèrè orin tí a kọ, ta ló wàásù, ṣé ìlù dún dáadáa. Àlùfáà dáhùn gbogbo rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò gba ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

"Ta ló gbé yín wá?" ìyá náà bi í nígbà tí a ń dìde.

Àlùfáà sọ orúkọ rẹ̀ fún un.

"Ẹ ní kó wọlé wá mu omi."

Onímọ́tò náà wọlé. Ó dọ̀bálẹ̀, ó mu omi, ó jáde. Aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ilé méjì ló kù, epo tó wà nínú ọkọ̀ kò sì ju ìdajì lọ.